Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ní ìparí Twilight ni?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Surulere, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì ìlú Èkó ní Akoka, ló kọ̀wé báyìí pé: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi obìnrin wo fíìmù Twilight márààrún, ìtàn ìfẹ́ Bella àti Edward amùjẹ̀ (vampire) yẹn, tẹ̀léra nígbà ọlidé, láti inú fláṣì tí ọ̀rẹ́ wa kan bá wa dà á kọ sí. Mo gbádùn mẹ́rin àkọ́kọ́, pẹ̀lú gbogbo àléébù wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn, Breaking Dawn apá kejì, bí mi nínú gan-an. Mo ti sunkún nígbà tí wọ́n já orí Carlisle, olórí ìdílé Edward, kí wọ́n tó wá sọ pé kò ṣẹlẹ̀, pé ojú ìran ni. Kò sẹ́ni tó kú, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Ṣé wọ́n gé nǹkan kúrò nínú ẹ̀dà tiwa ni? Àbí àwọn tó ṣe fíìmù ló ba ìwé jẹ́? Àbúrò mi ní tiẹ̀ ń sunkún ayọ̀, ó ní ọkàn mi ló le. Kí lẹ rí sí i? Ṣé kí n lọ ka ìwé náà?"

Àbúrò mi, ìbínú rẹ tọ́, ọkàn rẹ kò sì le. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ nìyí: o sunkún tọkàntọkàn fún ẹni tó kú, wọ́n ní kò kú, o wá ń wá ẹni tí wàá dá lẹ́bi, bóyá ẹni tó da fíìmù kọ, bóyá ẹni tó darí rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ́dítìn ni mo ń ṣe. Fíìmù àgbéléwò Yorùbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, láyé ìgbà tó jẹ́ pé Idumota ni káṣẹ́ẹ̀tì ti ń jáde lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ojú ẹni tó ń gé àwòrán, tó sì ń tò ó, ni màá fi dá ọ lóhùn. Ibi tí ojú yẹn bá mọ náà ni ìdáhùn mi mọ, torí pé ẹkún ayọ̀ àbúrò rẹ kọjá ohun tí ẹ́dítọ̀ lè fi ọ̀bẹ tú palẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti fláṣì yẹn kúrò nílẹ̀. Ìṣẹ́jú 115 ni fíìmù náà gùn. Bí tiyín bá tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì rí ibi tí wọ́n ti fi ojú àwọn òṣèré inú fíìmù márààrún hàn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn ní ìparí, ẹ ti rí gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀dà tí Carlisle ti kú tán pátápátá. Ohun tí o rí làwọn tó sanwó wọ sinimá rí ní November 2012. Mo wà lára wọn, ní ilé sinimá kan ní Victoria Island. Nígbà tí Carlisle sáré kọjá lórí yìnyín, tí òun àti Aro, olórí àwọn ọ̀tá wọn, fò pàdé lókè, tó jẹ́ Aro nìkan ló fẹsẹ̀ balẹ̀ dáadáa, tí orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé ké "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan níwájú mi ká ọwọ́ lérí, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìjà fi ń lọ. Nígbà tí àwòrán wá padà sójú Aro tó ṣì di ọwọ́ Alice, arábìnrin Edward tó máa ń rí ọjọ́ iwájú, mú, tó ń wò ràkọ̀ràkọ̀, àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan pòṣé. Ìyapa tó wà láàárín ìwọ àti àbúrò rẹ, ó ti wà láti ọjọ́ tí fíìmù náà ti jáde.

Ti pé wọ́n ba ìwé jẹ́ ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí bí o ṣe rò ó. Nínú ìwé tí Stephenie Meyer tẹ̀ jáde ní 2008, ogun yẹn kò sí rárá, kì báà ṣe lójú ìran. Àwọn Volturi, ìyẹn àwọn àgbà vampire tó ń ṣe adájọ́ fún gbogbo òkú amùjẹ̀, gbéra láti Ítálì torí wọ́n gbọ́ pé ìdílé Cullen, ìyẹn ìdílé Edward, sọ ọmọ kékeré di amùjẹ̀, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ ńlá láàárín wọn. Wọ́n dé, wọ́n dúró, wọ́n rojọ́. Alice mú ọ̀dọ́kùnrin kan dé láti Gúúsù Amẹ́ríkà, Nahuel, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ amùjẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti Renesmee, ọmọ Bella àti Edward, tó sì ti lo 150 ọdún láyé láì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ tú ká, wọ́n padà sílé. Ó tán. Àwọn tó ṣe fíìmù ló fi ogun kún un, Meyer fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde, nítorí náà kò sẹ́ni tó ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó mú wọn fi kún un yé mi dáadáa. Bella ló ń sọ ìtàn nínú apá yẹn nínú ìwé, a sì wà nínú orí rẹ̀. A ń gbọ́ bó ṣe ń na asà ọkàn rẹ̀, agbára tí kì í jẹ́ kí amùjẹ̀ mìíràn wọ inú ọkàn èèyàn, bo ẹnì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ro ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò sá gbà, bó ṣe ń dágbére fún ọkọ rẹ̀ nínú láìla ẹnu. Lórí ìwé, ìdúró yẹn lè mú kí èèyàn máa gbọ̀n. Gbé e wá síwájú kámẹ́rà, ohun tí wàá rí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó wọ kóòtù, tí wọ́n to ìlà méjì kọjú síra wọn nínú yìnyín, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Melissa Rosenberg ló kọ eré fíìmù márààrún, Bill Condon ló sì darí apá méjèèjì tó kẹ́yìn. Condon kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ o. Ó ti gba Oscar fún eré tó kọ kí ó tó débẹ̀. Àwọn òṣèré náà mọ iṣẹ́: Kristen Stewart, tó ṣe Bella, gba àmì ẹ̀yẹ César ní ilẹ̀ Faransé ní 2015, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du Oscar ní 2022. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ pé àìmọ̀ọ́ṣe ló bà á jẹ́, má dá a lóhùn. Lóòótọ́, àwọn Razzie, tí wọ́n máa ń fi àmì ẹ̀yẹ ẹ̀sín bú fíìmù ní Amẹ́ríkà, kó méje lé e lórí ní 2013, títí kan ti fíìmù tó burú jù lọ. Èèbù nìyẹn, kò tú nǹkan kan wò. Àwọn tó ní ẹ̀bùn ni wọ́n gbé iṣẹ́ tí egungun rẹ̀ ti wọ́ láti ilẹ̀ lé lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe.

Ibi tí egungun yẹn ti wọ́ ni mo fẹ́ fi hàn ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ogun. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé ìwé kan ṣoṣo sí méjì. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìwé náà gùn ni. Ó gùn lóòótọ́, ó lé ní ojú ìwé 700. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ya apá méjèèjì pọ̀, láti ìparí 2010 wọ 2011, wọ́n sì gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Apá kejì nìkan pa ju mílíọ̀nù 800 dọ́là lọ káàkiri àgbáyé. Harry Potter ti ṣe irú rẹ̀ ní 2010 àti 2011, ó sì mówó wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ti ní ìwé ìtàn tó tà, gígé ló kù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe Divergent fi gé ìwé tó kẹ́yìn nínú tiwọn náà. Apá kìíní kò tà ní 2016, apá kejì kò sì jáde sí sinimá di òní.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí àwa tí a ti ṣiṣẹ́ fún àwọn mákẹ́tà. Wọ́n á jókòó tì ọ́ nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní, "Fà á díẹ̀ sí i, kó lè di Apá Kejì." Bí fífà yẹn ṣe máa ń rí nìyí: ọkọ̀ á dé ẹnu géètì, á fun fèrè, mégádì á sáré wá ṣí i, ọkọ̀ á rọra wọlé, ọ̀gá á sọ̀kalẹ̀, mégádì á gba báàgì, ọ̀gá á gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó á pàdé rẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n á kí ara wọn tán pátá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọdún wọ̀nyẹn kọ́ mi ni pé ó ṣeé ṣe láti gé fíìmù sí méjì kó sì dùn, bí o bá gé e níbi tí ìbéèrè ńlá ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì dáhùn. Mákẹ́tà lè má mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ó mọ èyí: oníbàárà kì í padà wá ra Apá Kejì nítorí ìkíni.

Wá fi èyí wo Twilight. Láti 2008 tí fíìmù kìíní ti jáde, ìbéèrè kan ló ń fà wá lọ: ṣé Edward yóò sọ Bella di bíi tirẹ̀, kí ni yóò sì ná Bella? Apá kìíní Breaking Dawn ló kó gbogbo ìdáhùn tán. Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó wà, ibẹ̀ ni oyún tó ń fọ́ ọ léegun wà, ibẹ̀ ló ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Àwòrán tó sì gbẹ̀yìn rẹ̀, kí orúkọ àwọn òṣèré tó máa jáde, ni ojú Bella tó là, tó pupa. Ìbéèrè tán síbẹ̀. Nígbà tí apá kejì máa fi bẹ̀rẹ̀, ó ti ní ọkọ, ó ti ní ọmọ, ó ti ní ilé, agbára rẹ̀ ju ti àwọn tó bá nílé lọ, bàbá rẹ̀ sì ṣì ń wá kí i. Kí ló kù tó ń wá? Ewu láti ìta nìkan ló kù, ó sì gba àkókò kó tó dé. Nítorí náà wọ́n fi àlejò kún àlàfo: àwọn ará Íjíbítì dé, àwọn ará Ireland dé, àwọn obìnrin Amazon dé, àwọn ará Romania dé, kálukú fi agbára tirẹ̀ hàn, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rami Malek, tó wá gba Oscar lẹ́yìn náà, wà láàárín wọn, a kò sì rí i tó bó ṣe yẹ. Géètì àti mégádì ni gbogbo ìyẹn. Àkókò tó yẹ kó lọ fún Carlisle, Jasper, Seth àti Leah kí á tó rí ikú wọn, àwọn àlejò ló gbà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ojú ìran, èyí tó dùn ọ́ jù. Òfin ìtàn náà gbà á o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ìpinnu èèyàn ni Alice ń rí, pé bí ìpinnu bá yí, ohun tó rí á yí. Ohun tí wọ́n ṣe tó ta ọ́ lójú ni pé wọ́n fi ẹnu ọ̀nà ìran náà pamọ́. Nínú àwọn fíìmù tó ṣáájú, ìríran Alice máa ń wá fìrì, a ó rí i, a ó sì mọ̀. Níbí, Alice na ọwọ́ sí Aro, ó ní bí òun bá tilẹ̀ fi hàn án, kò ní yí ìpinnu rẹ̀ padà, ó ta á nípàá, ìjà bẹ̀rẹ̀. Kò sí àmì kankan pé a ti kúrò láyé wọ inú orí ẹnì kan. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́, ìgékúrò yẹn mọ́ lọ́wọ́ Virginia Katz àti àwọn tó bá a gé e. Mo kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n ẹkún tí òǹwòran bá sun jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni tó ṣe fíìmù, ó sì yẹ kó fi nǹkan san án.

Lọ́dọ̀ tiwa, a mọ bí wọ́n ṣe ń san án. Ìdí rèé tí mo fi rò pé ara ọmọ Yorùbá kọ ìparí yìí ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí Ifá bá rí ikú níwájú, ọ̀rọ̀ kò lè parí síbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹni náà rúbọ. Ó lè gbọ́ kó rú, ó lè kọtí ikún, èyíkéyìí tó bá ṣe, ohun kan á ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Kódà nínú fíìmù àgbéléwò tí àlá pọ̀ nínú rẹ̀ jù, ẹni tó lálàá pé eégún ń lé òun máa ń jí pẹ̀lú òógùn, á sì gbéra lọ sọ́dọ̀ babaláwo, tàbí sọ́dọ̀ wòlíì, tàbí sọ́dọ̀ ààfáà. Á gbààwẹ̀, tàbí kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, tàbí kó dá ohun tó jí padà. Ohun tí a rí lójú ìran máa ń béèrè owó lọ́wọ́ ayé. Aro rí ikú ara rẹ̀ gbangba, Bella àti Edward já a lórí, wọ́n dáná sun ún. Kí ló ná an? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí ewu níbí, ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó lọ. Ìpò rẹ̀ wà, àga rẹ̀ wà. Àwọn Cullen náà kò pàdánù ẹnì kan. Ìríran tóbi, ẹbọ kò sí. Bí o bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tó bí ọ nínú gan-an, òun nìyẹn, ju pé wọ́n tàn ọ́ lọ.

Àmọ́ o sọ ohun kan tí kò rí bẹ́ẹ̀: o ní kò sẹ́ni tó kú. Ẹnì kan kú. Irina kú. Òun ló rí Renesmee láti òkèèrè, tó rò pé ọmọ èèwọ̀ ni, tó lọ sọ fún Volturi. Nígbà tó wá rí ọmọ náà nítòsí, ó gbà pé àṣìṣe lòun ṣe, ó sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pa á. Ojú ayé lèyí o, kì í ṣe ojú ìran, ó sì wà nínú ìwé náà. Àwọn arábìnrin rẹ̀, Tanya àti Kate, fẹ́ já lọ gbẹ̀san, àwọn yòókù rọ̀ mọ́ wọn, Zafrina, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Amazon, fi agbára bò wọ́n lójú. Ìṣẹ́jú díẹ̀, a ti kọjá níbẹ̀. Obìnrin tó jẹ́wọ́ òtítọ́, tí wọ́n pa nítorí ẹ̀, kò rí ẹni sunkún rẹ̀ fún wa ní ìparí. Àwọn Cullen dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òkú Irina sì ṣì wà nínú yìnyín kan náà. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sídìí ẹ́dítìn yẹn, n kò ní yọ ogun kúrò. Màá kó ìdajì àsìkò àwọn àlejò fún Irina kí á tó débẹ̀, kí a lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí Volturi bá sì ti lọ, kámẹ́rà kò ní kúrò lára Tanya àti Kate tán kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ikú yẹn ni ẹbọ tó wà nílẹ̀ tí wọ́n kò lò.

Ti ojú Renesmee, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ọmọláńgidi tó ń mira, wọ́n rí i pé ó ń dẹ́rù bani, wọ́n pa á tì, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà gbé ojú Mackenzie Foy lé àwọn ọmọ tó kéré jù ú lọ lójú. Ojú tó jáde kò jọ ti ọmọ, kò jọ ti àgbà. Ó dun ìtàn náà púpọ̀, torí pé ọmọ yẹn ni gbogbo ìlú fẹ́ kú lé lórí. Bí ọkàn Jacob, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń di ìkookò, ṣe wá so mọ́ ìkókó ńkọ́? Meyer lè fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ lójú lórí ìwé, pé bí ẹ̀gbọ́n ló ṣe máa rí fún ọmọ náà títí yóò fi dàgbà. Lójú àwòrán, géńdé ọkùnrin ló dúró ti ìbùsùn ọmọdé, kò sì sí ọgbọ́n ẹ́dítìn tó lè gbé ìyẹn gba ọ̀nà tó mọ́. Ara mi kò gbà á rí.

Ó ku ti àbúrò rẹ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí o tó ní ó ti gọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ibi ìparí pátápátá ló sunkún sí, níbi tí Bella ti mú asà kúrò lórí ọkàn ara rẹ̀, tó jẹ́ kí Edward gbọ́ inú òun fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí nǹkan tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nínú fíìmù kìíní, ohun tó kọ́kọ́ da Edward láàmú nípa ọmọbìnrin yìí ni pé òun ń gbọ́ èrò gbogbo èèyàn, òun kò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ní 2008, wọ́n sì dá a lóhùn ní 2012, láìtan ẹnikẹ́ni. Ìtàn ìfẹ́ náà parí dáadáa. Ìtàn ogun tí wọ́n so mọ́ ọn ni kò parí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń sọ òtítọ́ nípa fíìmù méjì tó wà nínú ẹyọ kan.

Ní ti kíka ìwé, bí ogun lò ń wá, má wulẹ̀ nawó. Ohun tí wàá bá níbẹ̀ kéré sí èyí tí o rí. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí ìdúró nínú yìnyín fi lè mú èèyàn gbọ̀n, ka apá kẹta ìwé náà nìkan, ibi tí Bella ti gba ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu Jacob, kí o sì fara balẹ̀ dé ibi Irina. Ọ̀nà kejì kò ná ọ ní kọ́bọ̀: ní ọjọ́ tí iná bá wà, ẹ wo apá kìíní àti apá kejì pọ̀ bíi fíìmù kan, kí ẹ sì fo àwọn àlejò. Wàá rí i pé ikú Bella lórí ìkúnlẹ̀ ló máa wá ru ẹrù gbogbo rẹ̀, torí òun nìkan ni ikú tí fíìmù náà dúró tì dáadáa. Kò ní tún ìparí ṣe fún ọ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ibi Tanya àti Kate, bá mi dá a dúró díẹ̀, kí o wo ojú wọn, kí o sì bi àbúrò rẹ bóyá ó tiẹ̀ rántí pé wọ́n wà níbẹ̀.